Dáàmù lórí òkè Mambilla: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Ìkòròdú

Láti nǹkan bí ọdún 1972 ni ọ̀rọ̀ dáàmù ńlá tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ sí orí òkè Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, ti wà nílẹ̀. Bí ó bá ti jẹyọ nínú ìròyìn báyìí, àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ odò àti igbó jẹ mí lógún. Mo kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síbí. Ohun tí mo gbà gbọ́ kò fara sin: a ò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣètùtù nítorí kí iná lè tàn ní Èkó, ì báà ṣe ọmọ ènìyàn, ì báà ṣe ẹranko inú igbó.

Taraba jìnnà sí wa. Kí ló kan ará Ìkòròdú nínú òkè tó wà lọ́hùn-ún?

Àwa ará Ìkòròdú mọ dáàmù ju bí a ṣe rò lọ. Dáàmù Ọ̀yán wà lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní 1983. Ògiri rẹ̀ ga tó mítà 30, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gba ilẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000. Nítorí omi tí Èkó àti Abẹ́òkúta máa mu ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Odò Ọ̀yán ń wọ inú Odò Ògùn, Odò Ògùn sì ń já sínú ọ̀sà lọ́dọ̀ wa níbí, lápá Agbóyì àti Májídùn.

Ẹ wá wo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú títì Ìkòròdú nínú oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí òjò má kán rárá, síbẹ̀ omi á máa gun ògiri bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Àwọn ìyá á gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amómitutù lé orí tábìlì. Wọ́n á to pákó láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Bí pákó bá rì, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹ máa rí ọmọ iléèwé tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó fi bàtà há abíyá, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì kó tó wọ mọ́tò lọ.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: omi dáàmù nìkan kọ́ ló ń fa ìyẹn. Òjò wà níbẹ̀, ilẹ̀ irà tí a kọ́lé sí wà níbẹ̀, ọ̀sà tó ti kún tí kò ráyè gba omi mọ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lókè kí ògiri má baà ya, ọ̀dọ̀ wa ni omi náà ń bọ̀.

Èyí tí a kì í sábà rántí ni àwọn tó wà lókè odò fúnra wọn. Wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò lójú adágún Ọ̀yán. Lẹ́yìn tí omi ti dúró sójú kan, àrùn tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀ gbilẹ̀ láwọn ibùdó tuntun bí Ibaro àti Abúlé Titun. Ìgbín omi kéékèèké ló ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri, omi tí kò ṣàn ni ìgbín yìí sì fẹ́ràn. Wọ́n tún ri ẹ̀rọ tọ́báìnì mẹ́ta tí omi ń yí láti mú iná jáde mọ́ dáàmù náà, mẹ́gáwáàtì (ìwọ̀n agbára iná) 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì lò ó. Ọkàn mi ò lè balẹ̀ bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe níbòmíràn, kó sì tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Kí gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí Mambilla?

Dáàmù iná mànàmáná lórí Odò Donga, nítòsí ìlú Gembu. Mẹ́gáwáàtì 3,050 ni wọ́n ní yóò máa mú jáde. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó: mẹ́gáwáàtì 760 ni ti Kainji, 1,320 sì ni ti ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn tiwa níbí. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni wọ́n máa ń dárúkọ pé yóò kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ní 2017 ìjọba tún kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ láti Ṣáínà ló máa kọ́ ọ. Ẹjọ́ àti àìsówó ti fà á sẹ́yìn, ògiri kankan ò sì tíì dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣì tó sọ.

Ẹranko wo ló wà níbẹ̀ tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ pariwo?

Òkè Mambilla ga tó nǹkan bí mítà 1,600. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé ewé tíì ń hù níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Gashaka-Gumti wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991, òun ló sì tóbi jù lọ nínú gbogbo ọgbà ẹranko Nàìjíríà. Inú rẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí, mítà 2,419.

Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, erinmi wà níbẹ̀, àgbìgbò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Irú ìnàkí tó wà níbẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, gbogbo wọn tó kù kò sì pé 10,000. Gashaka-Gumti wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì pọ̀ sí. Àwọn mélòó kan tún wà nínú igbó ọba kékeré kan tó ń jẹ́ Ngel Nyaki, lórí òkè Mambilla gan-an. Ìnàkí a máa jẹ èso tí kóró rẹ̀ tóbi, ọ̀nà jíjìn ni yóò sì ti yàgbẹ́ kóró náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni igi tuntun ti ń hù. Bí ìnàkí àti ọ̀bọ bá lọ tán, àwọn igi tó ní kóró ńlá á máa gbó lọ láìsí arọ́pò.

Ẹranko lẹ́sẹ̀. Bí omi bá dé, ṣé wọn ò ní sá lọ sókè ni?

Ẹni tó bi mí ní èyí kò bú ẹnikẹ́ni o, ìbéèrè gidi ni.

Orí òkè Mambilla kì í ṣe igbó kìjikìji. Koríko ló bo ọ̀pọ̀ rẹ̀, màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀. Àfonífojì, etí odò, ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ibẹ̀ ni igbó tó ṣẹ́ kù fara pamọ́ sí. Àfonífojì yẹn náà ni dáàmù ń wá! Ibi tí odò ti há sáàárín òkè méjì ni ògiri dáàmù ti rọrùn láti kọ́, ẹ̀yìn ògiri yẹn ni omi á sì kún. Nítorí náà, ibùgbé ẹranko gan-an ni omi ń gbà, tí yóò fi koríko orí òkè sílẹ̀. Ìnàkí ò lè sùn nínú koríko. Orí igi ló ń ṣe ìtẹ́ sí lálaalẹ́. Bó bá sá, inú agbo ìnàkí mìíràn ni yóò bọ́ sí, wọ́n sì lè jà á pa, torí ìnàkí kì í fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣeré.

Omi nìkan kọ́ tún ni. Ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n máa kọ́kọ́ là. Ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ tó ń kó pákó máa gbà wọlé, ọdẹ á gba ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ jẹ ẹran á sì tẹ̀ lé e. Wáyà iná á tún la igbó já. Lójú tèmi, ọ̀nà yẹn léwu fún ẹranko ju omi lọ, torí omi máa dúró níbi tó bá dé.

Kò tún jìnnà sí wa: ní Ghana, wọ́n kọ́ dáàmù Bui sínú ọgbà ẹranko Bui. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, mẹ́gáwáàtì 400. Omi rẹ̀ gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọgbà náà, pẹ̀lú igbó etí odò Black Volta tó jẹ́ ilé erinmi.

Ìjọba á san owó gbà-máà-bínú fún àwọn onílẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́?

Ọmọ Ìkòròdú ló yẹ kó dáhùn èyí fúnra rẹ̀, torí a mọ bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan fún iṣẹ́ ìlú, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún: ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Wọn ò sanwó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó rà á. Ẹni tó ní ilé alámọ̀ àti oko àgbàdo lórí òkè, tí baba ńlá rẹ̀ ti ń da ẹran lórí gbogbo pápá tó yí i ká, owó ilé alámọ̀ àti oko àgbàdo ni yóò gbà. Pápá ńkọ́? Orísun omi ńkọ́? Ibojì ńkọ́? Igbó tí wọ́n ti ń já ewé àti egbò ńkọ́? Iye wo la máa pè é?

Ẹ wo Kainji. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n kọ́ ọ, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni wọ́n sì kó kúrò. Bùsà àtijọ́, olú ìlú àwọn Ìbàrìbá tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wà lábẹ́ omi báyìí; wọ́n kọ́ Bùsà tuntun fún wọn. Nísàlẹ̀ dáàmù náà, àwọn tó ń gbin ìrẹsì sí etí odò, tí wọ́n ń dúró de kíkún omi lọ́dọọdún, rí i pé omi ò kún bí ó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹja dín kù. Ọdún 2010 ni wọ́n tó ṣe òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ fún àwọn agbègbè tí dáàmù iná ti pa lára, èyí tó ju 40 ọdún lọ lẹ́yìn tí Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò ti darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn ń pa wá. Ṣé ẹ ò fẹ́ iná ni?

Mo fẹ́ iná. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń sùn bíi ti yín, èéfín rẹ̀ náà ni mo ń fà símú.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò náà pọ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ iná tó wà ní Nàìjíríà, bí a bá kó agbára wọn jọ, ó tó nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 13,000. Èyí tó ń dé orí wáyà lójoojúmọ́ kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 lọ. Ìyókù dá? Gáàsì kò tó, ẹ̀rọ míì ti bàjẹ́, wáyà tó ń gbé iná kiri ò lágbára. Ẹ̀gbìn wà ní Ìkòròdú wa níbí, òun sì wà lára àwọn tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, bí ẹ bá dúró ní Ìjẹ̀dẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí àdúgbò tí iná ò sí. Isúnmọ́ ilé iṣẹ́ iná kì í mú iná wọlé. Bí mẹ́gáwáàtì 3,050 bá jáde ní Taraba lọ́la, wáyà tí kò lè gbé èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbé e gba gbogbo ilẹ̀ yìí já kó tó dé Èkó.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe bó bá jẹ́ èmi ni: kí wọ́n tún wáyà ṣe, kí wọ́n lo tọ́báìnì tó wà lẹ́nu dáàmù tí a ti kọ́ tán, kí sólà wọ ọjà, iléèwé àti ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń ta ẹja nínú yìnyín ní Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí sólà lè ṣe nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n. Omi dáàmù gan-an kò dúró sójú kan: lọ́dún tí òjò bá fà sẹ́yìn, iná dáàmù náà á fà sẹ́yìn.

Ṣé kò sí dáàmù tó dára rárá ni?

Ó wà. Kékeré, tí kò lé ẹnikẹ́ni, tí odò ṣì ń ráyè ṣàn, tí àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ jọ fọwọ́ sí i. Omi Ọ̀yán ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò lè máa mu ún kí n máa bú u.

Àwọn ará Mambilla fúnra wọn ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ dáàmù náà.

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ ẹ. Ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Gembu le, iṣẹ́ ò tó, wọ́n sì ti ń gbọ́ ìlérí dáàmù yìí láti ìgbà tí àwọn òbí wọn wà léwe. Mi ò lè jókòó ní Ìkòròdú kí n pàṣẹ fún ẹni tó ń gbé lórí òkè pé kó máa gbé nínú òkùnkùn nítorí ìnàkí. Ẹ̀yà Mambila wà níbẹ̀, ẹ̀yà Kaka wà níbẹ̀, Fúlàní darandaran wà níbẹ̀, ohùn wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, kí gbogbo wọn ti gbọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́ pé: abúlé báyìí máa rì, oko báyìí máa rì, ibi tí ẹ máa kó lọ rèé, iye tí ẹ máa gbà rèé, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Bí wọ́n bá gbọ́ gbogbo èyí tí wọ́n sì gbà, ó kù sọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ìnàkí ò lè wá sípàdé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀.

Ṣé wọ́n ti dá irú iṣẹ́ ńlá báyìí dúró rí?

Wọ́n ti dá a dúró, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní orílẹ̀-èdè Philippines, nígbà ìjọba Ààrẹ Marcos, wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù mẹ́rin sí Odò Chico, láàárín àwọn òkè tí ẹ̀yà Kalinga àti Bontoc ń gbé. Omi ìbá bo oko ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́ sára òkè ní ìpele ìpele, pẹ̀lú ibojì àwọn baba wọn. Àwọn obìnrin tú aṣọ lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó wá wọn ilẹ̀. Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ìyá bá tú aṣọ lójú ọmọkùnrin. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Macli-ing Dulag, àgbà Kalinga kan, wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1980, àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀. Ikú rẹ̀ ló mú kí ìjà náà gbòòrò sí i. Báǹkì Àgbáyé tó yẹ kó yá wọn lówó yọwọ́, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì.

Ní Chile, dáàmù márùn-ún tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí odò Baker àti Pascua, láàárín òkè Patagonia, ni ìjọba fagi lé ní 2014 lẹ́yìn ìwọ́de tó kún ìgboro fún ọdún mélòó kan. Ní Norway, àwọn ẹ̀yà Sámi jà nítorí odò Alta ní òpin àwọn ọdún 1970, wọ́n sì febi panú níwájú ilé aṣòfin. Wọ́n kọ́ dáàmù náà, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù, ìjà yẹn ló sì là ọ̀nà fún ilé aṣòfin Sámi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989.

Èyí tó múnú mi dùn jù ni ti odò Klamath ní Amẹ́ríkà. Dáàmù wà lórí odò náà fún ohun tó ju 100 ọdún lọ, tí ẹja salmon ò lè gòkè lọ yé ẹyin mọ́. Ní 2002, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ẹja kú sínú odò náà. Àwọn ẹ̀yà Yurok, Karuk àti Klamath kò dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023 àti 2024, wọ́n wó dáàmù mẹ́rin. Láàárín oṣù tí wọ́n parí iṣẹ́ náà gan-an, wọ́n ti rí ẹja salmon lókè ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo apẹja Májídùn tí mo sọ èyí fún ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

Òfin wo ló wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 ló lágbára jù. Ó ní dáàmù iná tí ògiri rẹ̀ bá ga ju mítà 15 lọ, tí àwọn ohun tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn sì gba ju hẹ́kítà 40 lọ, tàbí tí adágún rẹ̀ bá ju hẹ́kítà 400 lọ, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò kíkún lórí ohun tí yóò ṣe sí ènìyàn, omi àti ẹranko. Ó tún ní kí wọ́n fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó pinnu. Kò sọ pé ará Taraba nìkan. Ẹ̀yin náà lè kọ̀wé.

Ti àgbáyé kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní 2007, Nàìjíríà kò dìbò bẹ́ẹ̀ ni, kò sì dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dùn mí.

Kí lèmi lè ṣe láti Ìkòròdú níbí?

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Ábùjá, ní kíkọ sílẹ̀, bóyá ìwé àyẹ̀wò àyíká fún iṣẹ́ Mambilla ti jáde àti ibi tí a ti lè rí i kà. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò, tí àwọn lóókọ-lóókọ fọwọ́ sí, níyì ju ìbínú orí fóònù lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi àwòrán ilẹ̀ han àwọn ọmọ: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tọ Odò Ògùn láti ọ̀sà títí dé ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹran ìgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹran ìnàkí tàbí ti ọ̀bọ, ibi yòówù kí wọ́n ti gbé e wá.

Níbo la ti lè mọ ìgbà tí wọ́n máa tú omi Ọ̀yán sílẹ̀?

Àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń ṣàkóso dáàmù náà, wọ́n sì máa ń kéde bí wọ́n bá fẹ́ tú omi. Àjọ NIHSA náà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi ọdọọdún jáde. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò yan ẹnìkan tí yóò máa fetí sí wọn láti oṣù keje lọ, kó máa sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní etí omi. Ẹ gbé ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti oògùn àwọn àgbà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó rọ̀ sókè, kó tó di oṣù kẹsàn-án.